Ọdẹ́rínlọ Nínú Ìlú Ẹ̀jẹ̀ Àwẹ̀ró

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà rọra máa fọ́ ọ, nítorí ọ̀nà tí ẹnu mi fẹ́ gbà lónìí ṣe tóóró. Bí ariwo bá wọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni gbogbo wa yóò há sí.

Ìtàn Ọdẹ́rínlọ ni, ọdẹ Abà Òkè-Ìrókò, ọkùnrin tó ga bí òpó ilé, tí ẹ̀tù ìbọn ti jó apá kan irùngbọ̀n rẹ̀ lọ. Ẹnu ara rẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ó sì máa ń fi ìdí ìbọn lu ilẹ̀ ní gbogbo ibi tó bá ti fẹ́ fi irọ́ sí i. Nítorí náà mo mọ ibi tí irọ́ wà dáadáa. Mi ò yọ ọ́ kúrò o, torí ibẹ̀ ló dùn jù.

Ọdẹ́rínlọ mọ iṣẹ́ ọdẹ, ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn dù ú. Bó bá de iná kábáìdì mọ́ orí, tó fi wo inú igbó, ojú ẹran yóò máa dán padà sí i, yóò sì máa pè wọ́n lórúkọ bí ẹni ń pe ọmọ ilé rẹ̀: "Èyí tó pọ́n yìí, ẹtu ni. Èyí tó ń ṣẹ́jú yìí, ìyá ọmọ ni, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó dán jù yìí, a! ẹran ńlá dé." Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kì í bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀. Bí wọ́n bá pe àáró, tí gbogbo ọkùnrin abà kó ọkọ́ lọ́wọ́ láti ro oko ẹnìkan lónìí, oko ẹlòmíràn lọ́la, Ọdẹ́rínlọ yóò ní òun kò fẹ́ kí wọ́n fi oko òun ṣe ilé ìpàdé. Bí wọ́n bá sì dárúkọ Lákànmí, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ yòókù ní abà náà, yóò bú sẹ́rìn-ín: "Lákànmí wo? Èyí tí ẹtu máa ń kí, kó tó rọra máa bá tiẹ̀ lọ?" Gbogbo ènìyàn ló máa ń rẹ́rìn-ín. Lákànmí kì í rẹ́rìn-ín.

Ẹnìkan ṣoṣo ló lè pa Ọdẹ́rínlọ lẹ́nu mọ́, ìyẹn Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀. Bó bá ní òun pa erin, Àwẹ̀ró yóò ní, "Erin ọ̀hún dà, baálé mi? Àbí inú etí lo gbé e sí wálé?" Bó bá ní kìnnìún lé òun, yóò ní, "Ó káàánú ẹ ni, ó fẹ́ fún ọ lóúnjẹ." Àwọn ará ilé a máa sún àga mọ́ ògiri láti gbọ́. Ọdẹ́rínlọ a máa bínú, ṣùgbọ́n ẹ bi mí bó bá jẹun kó tó bá a jà tán. Láìsí ìjà yẹn, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀.

Àfi bí ibà ṣe mú Àwẹ̀ró. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ara rẹ̀ tutù. Wọ́n gbé e dé ilé, ara rẹ̀ tún gbóná. Wọ́n se àgbo fún un, ó mu ún, ó bì í. Àwọn àgbà wò ó títí, wọ́n ní, "Ohun tó ń ṣe é ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wọ̀ sí ilé onílé níbẹ̀. Oògùn tí kò bá mọ ilé tí olè wọ̀, gbogbo àdúgbò ni yóò lù." Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló kúkú wà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọdẹ́rínlọ jókòó ti ẹní aya rẹ̀. Ó wúkọ́. Ó ní, "Àwẹ̀ró, mo fi ọta kan pa erin mẹ́ta lánàá." Ó dúró. Àwẹ̀ró kò sọ nǹkan kan. Ó ní, "Ọ̀kan nínú wọn lóyún o." Obìnrin náà kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ìgbà yẹn ni omi bọ́ lójú ọdẹ. Ó gbé ìbọn, ó fi àpò kọ́ apá, ó sì kọrí sí Igbó Olójú-Púpọ̀, níbi tí wọ́n ní iwin kan ń gbé tó mọ ọ̀nà inú ara ènìyàn bí ẹni mọ ọ̀nà odò.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe dé igbó yẹn. Gbogbo ewé rẹ̀ ló ní ojú, òkùnkùn sì ni ibẹ̀ tọ̀sán tòru. Bí Ọdẹ́rínlọ ti tanná báyìí, ojú tó wà níwájú dán, ti ẹ̀yìn rẹ̀ dán, ti ẹ̀yìn ẹ̀yìn rẹ̀ náà dán, gbogbo rẹ̀ wá dà pọ̀ bíi kùrukùru ọyẹ́. Kò mọ èyí tó sún mọ́ ọn, kò mọ èyí tó jìnnà. Ó yìnbọn sí ohun tó pè ní ìmàdò, ẹ̀ka igi ló já lulẹ̀ ní òdìkejì odò. Ó na ọwọ́ sí ohun tó pè ní ẹ̀ka igi, imú iwin ló dì mú.

"Bí o bá ti lò ó tán," ni iwin náà wí, "jọ̀ọ́, dá imú mi padà."

Iwin náà ga ju ọ̀pẹ lọ, ojú kan ló sì ní, ojú náà kò fẹ̀ ju ihò abẹ́rẹ́ lọ. Ojú-Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ọdẹ́rínlọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má bínú, ìyá mi. Ìmọ́lẹ̀ ibí yìí ló pọ̀ jù, mi ò rí nǹkan kan."

"O sọ òótọ́ kan, ó sì yà mí lẹ́nu, torí mo ti gbọ́ nípa rẹ. Mo mọ ohun tí o wá wá. Já àlọ́ yìí fún mi, kí n ràn ọ́ lọ́wọ́. Bí o kò bá lè já a, ewé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ já lára igi yẹn, ìwọ ni màá fi dí àyè rẹ̀. Kí ni ènìyàn ń dín kù kó tó lè ríran dáadáa?"

"Ọtí ni."

"O gbìyànjú. Kì í ṣe ọtí."

"Ìyàwó ni?"

"Èmi náà obìnrin ni o, rọra."

Ẹsẹ̀ ọdẹ náà ti ń rí bí ìtì igi. Nínú ìpayà, ọwọ́ rẹ̀ gbé ìbọn fúnra rẹ̀, ó fi ìdí rẹ̀ ti èjìká, ó sì nà án sí iwin náà láyà. Ibẹ̀ ló ti kígbe: "Ojú ni! Ojú ni! Ọdẹ tó bá la ojú méjèèjì sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò pa. Ọ̀kan là ń dì!"

Ojú-Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí ewé fi ń já. Ó bu ìkarahun ìgbín kéékèèké kún àpò ọdẹ náà, ihò bíńtín wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Fi ọ̀kan sójú. Ohun tó wà ní ọ̀gangan ihò nìkan ni yóò wọlé sí ọ lójú. Ti òkè, ti ìsàlẹ̀, ti ẹ̀yìn, wọn ò ríbi gbà."

"Ọ̀kan tó mi, ìyá. Kí ni mo fẹ́ fi àpò kan ṣe?"

"Gbé e dání, ìgbà tí wàá lò ó ń bọ̀. Ìlú tí o ń wá ń bẹ lórí ẹní nílé rẹ. Màá sọ ọ́ di kíńkínní, wàá sì wọ̀ ọ́. Bí ọwọ́ rẹ kò bá ká a, pe ẹni tó wù ọ́, yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n ìbínú máa ń mú ara ènìyàn wú; ẹni tó bá ń bínú sí ọ kò lè gba ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, àfi bó bá rẹ́rìn-ín."

"Èmi Ọdẹ́rínlọ kì í pe ẹnikẹ́ni."

"Mo ti gbọ́," ni iwin wí, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú.

Nígbà tó la ojú, ó bá ara rẹ̀ lẹ́nu ibodè ìlú kan tí òun kò rí irú rẹ̀ rí. Oòrùn kò sí níbẹ̀, àfi pípọ́n rúsúrúsú bí ẹ̀yìn ìpéǹpéjú ẹni tó di ojú sí oòrùn. Ilé ibẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, wọn kò dúró sójú kan, wọ́n ń léfòó, wọ́n ń fara kan ara, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lókè pátápátá, ohùn kan ń dún gbì, gbì, gbì, bí ẹni ń gúnyán nínú ilé kejì. Ọdẹ́rínlọ mọ ohùn yẹn. Ó ti sùn tì í láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọkàn Àwẹ̀ró ni. Ó ń falẹ̀.

Baálẹ̀ ìlú náà yíra dé, ó sanra rọ̀bọ̀tọ̀, kò ní egungun kankan. "Káàbọ̀ o, ọkọ ìlú wa! A ti ń gbọ́ ohùn rẹ láti ìta. Ṣé òótọ́ ni ti erin mẹ́ta yẹn?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti ìlú yìí ná, Baálẹ̀," ni Ọdẹ́rínlọ dáhùn.

Baálẹ̀ sọ fún un pé olè kan ti wọ ìlú, inú ilé onílé ló ń gbé, ó ń jẹ oúnjẹ wọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú, àwọn aláṣọ funfun tí kò sí ohun tí wọn kò lè gbé mì, ti wà ní ìmúrasílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ilé tí wọn yóò wọ̀. Bí ènìyàn bá tanná sí ilé kan, ilé náà yóò dán padà ní àwọ̀ ewé tútù, ìmọ́lẹ̀ náà yóò sì kú. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

"Iṣẹ́ mi nìyí!" ni Ọdẹ́rínlọ wí, ó lu àyà gbà. "Ẹ jókòó sílé yín. Mo ń bọ̀ wá fi orí olè jíṣẹ́."

Ó fi ìkarahun sójú, ó tanná. Lóòótọ́, ilé kan ló rí lẹ́ẹ̀kan, kedere, láìsí kùrukùru. Ó wá èyí tó dán jù, bí ọdẹ ti ń ṣe, ó sì fò wọ̀ ọ́ pẹ̀lú igbe. Àwọn ìyàwó ilé tó ń dáná ló bá níbẹ̀, ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pín ara rẹ̀ sí méjì bí wọ́n ti ń bímọ níbẹ̀, àti àwọn àlejò tó wá kí i kú ewu.

"Baba ọdẹ, ṣé ọmọ ni ẹ wá yìnbọn fún ni?"

"Ẹ jẹ́ kó wẹ ọmọ kó tó lọ!"

Ojú tì í, ó jáde. Ó ní bóyá òun kò wò ó pẹ́ tó ni. Ó mú ilé mìíràn, ó ṣí iná rẹ̀ sókè pátápátá, ó tẹjú mọ́ ọn, kò ṣẹ́jú. Bó ti ń wò ó ni àwọ̀ ilé náà ń ṣí, ó ń ṣí, títí ó fi funfun bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Lókè, ẹni tó ń gúnyán ṣìṣẹ̀: gbì... gbì... gbì. Arúgbó kan na orí jáde lójú fèrèsé.

"Ìwọ tí o ga bí òpó yìí! Ṣé o fẹ́ bó mi láwọ̀ ni? Iná tí o ń tàn yẹn, ara ìyàwó rẹ lo ń jó!"

Ọdẹ́rínlọ pa iná kíá. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ gbà mí, ìyá. Èyí tó dán jù ni mo máa ń mú."

"Èyí tó dán jù! Ẹni tó ní ẹran nínú ọbẹ̀ jù ló ní ìwà jù, àbí? Gbọ́, ọmọ. Bí àlejò bá wá sílé rẹ, báwo lo ṣe ń mọ̀ pé inú onílé dùn?"

"Bó bá sin àlejò dé ìta."

"Ṣé o rí i. Ìmọ́lẹ̀ rẹ, àlejò ni. Tàn án fìrí, kó wọlé kó jáde. Má bi wọ́n bí ó ti dán tó. Wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó kú. Ilé tí ara rẹ̀ dá, yóò sin ìmọ́lẹ̀ dé ìta, yóò dúró, yóò juwọ́ sí i. Ilé tí olè ń jókòó sí, bí àlejò bá ti dìde báyìí, gbàà, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Àti pé fìrí ni mo wí o! Iná tí o tàn pẹ́ yẹn ti pọ̀ jù."

Inú Ọdẹ́rínlọ dùn. Ó dín iná kù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, ó ṣí i fìrí, ó bò ó, ó ń wo bí ilé kọ̀ọ̀kan ti ń sin ìmọ́lẹ̀. Ilé yìí sin ín. Ìyẹn náà sin ín. Ṣùgbọ́n ìlú náà kò lópin, àwọn ilé náà sì ń rìn. Bó bá ti ka àwọn ti ìsàlẹ̀ dé àárín ìlú, àwọn tó ti kà ti yípo dé iwájú rẹ̀, wọ́n ń bi í pé, "Ẹ tún padà wá kí wa ni?" Bíi kíka adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da àgbàdo fún. Bó bá sì ti dé ilé Baálẹ̀, yóò fi ọwọ́ bo iná rẹ̀, yóò tẹríba, yóò kọjá. Ta ni yóò tanná sójú olórí ìlú? Òkè ń dún: gbì... gbì... lẹ́yìn náà ó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Ọdẹ́rínlọ fi gbé ọwọ́ lérí. Gbì.

Ọ̀dájú ni ọdẹ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀dájú tó lè gbọ́ irú ìdákẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbójú sókè, ó fi ọwọ́ bẹnu.

"Ẹ̀yin ará Òkè-Ìrókò! Àáró o! Mo pe àáró!"

Kíá ni àwọn ọdẹ dáhùn lókè, ohùn wọn rọ́ bí òjò. Àwọn tí kò bínú jù rẹ́rìn-ín pé Ọdẹ́rínlọ pe àáró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sínú ìlú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wòó, wòó, pẹ̀lú iná wọn lórí. Ẹnìkan ni kò sọ̀ kalẹ̀. Ó há sẹ́nu ibodè, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló ń jì lójú ọ̀run.

"Lákànmí ni yẹn?"

"Lákànmí wo?" ni ohùn náà dáhùn. "Èyí tí ẹtu ń kí?"

Àwọn ọdẹ wo ilẹ̀. Ọdẹ́rínlọ gbójú sókè sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, òun náà ni. Ẹ rò ó wò. Èmi tí mò ń pariwo yìí, ẹran wo ló tíì kí mi rí? Ẹran kì í kí ẹni tí kò bá jọ ọ́ lójú. Ẹtu tó kí yín, ẹ̀mí ìkẹyìn ló fi kí yín, kò sì sí èyí tó kí yín lẹ́ẹ̀mejì!"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lókè, ó kọ́kọ́ dà bí ẹni ń wúkọ́, ó wá di gbàgà, Lákànmí sì já bọ́ lulẹ̀ bí àgbọn. "Alárékérekè ni ọ́," ló wí, ó ń nu ojú rẹ̀ nù. "Ẹnu yìí ni Àwẹ̀ró ń bá gbélé. Ó yẹ ká gba obìnrin yẹn là, kó lè máa bá wa bá ọ jà."

Ọdẹ́rínlọ pín ìkarahun fún wọn, ó kárí. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ bí wọ́n ti ń tò lójú oko àáró, oníkálukú ló di poro tirẹ̀ mú láti etí ìlú kan dé èkejì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ òfin àáró: ẹni tó bá gba poro kan, ó ní láti ro ó dópin, ìbáà jẹ́ ẹ̀gún ló wà lójú rẹ̀, ìbáà jẹ́ àgbọ́n, kò gbọdọ̀ fò ó. Wọ́n dín iná kù títí tó fi rí bí tanátaná.

"Ẹ ṣí!" ni Ọdẹ́rínlọ ké. "Ẹ bò!"

Fìrí kan báyìí, gbogbo ìlú dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ilé tó ráyè rìn. Àwọ̀ ewé tútù tàn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, gbogbo ilé sì ń sin ìmọ́lẹ̀ dé ìta, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, bí ọmọ tó ń sin ìyá rẹ̀ àgbà. Àfi ẹyọ kan, nínú poro Lákànmí. Gbàà! Ó ti tilẹ̀kùn.

"Ẹ fò ó," ni Ọdẹ́rínlọ wí. "Ilé Baálẹ̀ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kò gbọdọ̀ tanná sí i."

"Poro mi ni," ni Lákànmí dáhùn. "Ẹni tí kò bá fẹ́ kí n ro ó, kó má gbé ilé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ ṣí!"

Wọ́n ṣí, wọ́n bò. Gbàà.

Baálẹ̀ yíra jáde, ara rẹ̀ rọ. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjọ́ orí ni mo pè é! Mo ní àgbà ti dé ni mo fi ń tètè sùn." Ẹnu rẹ̀ kò tíì pa dé tí ohun dúdú kan, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrù èkúté, fi yọ orí lẹ́yìn rẹ̀ pé òun fẹ́ yà sí ilé kejì. Ọdẹ́rínlọ na ìbọn. Arúgbó inú fèrèsé pariwo, "Ìbọn kẹ̀! Nínú ara ìyàwó rẹ!" Ó sọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn aláṣọ funfun ti kọjá lára rẹ̀. Wọn kò sáré, wọn kò pariwo; wọ́n kàn yí olè náà ká, wọ́n pa ara wọn pọ̀ mọ́ ọn lára, wọ́n sì gbé e mì bí ẹni gbé òkèlè mì.

Gbogbo wọn dúró, wọ́n gbé etí sókè. Kò dún. Lákànmí di apá Ọdẹ́rínlọ mú. Kò tíì dún. Lẹ́yìn náà: gbì. Gbì, gbì. Gbì, gbì, gbì, bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé tó ń gúnyán àkọ́kọ́ fún ìyá ọkọ.

Nígbà tí wọ́n la ojú, gbogbo wọn ti gbòòrò padà, wọ́n sùn kákiri nínú yàrá Àwẹ̀ró, ẹsẹ̀ ẹnìkan ní orí ẹnìkejì, iná wọn ṣì ń jó. Òógùn ti bo obìnrin náà, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere. Ó gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo Lákànmí, ó wo àwọn tó kù títí dé ẹnu ọ̀nà.

"Baálé mi," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Kí ni gbogbo ọkùnrin abà ń ṣe ní yàrá mi?"

Ọdẹ́rínlọ sún mọ́ ẹní rẹ̀. "Àáró ni, Àwẹ̀ró. Olè wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ. A wọ inú rẹ lọ wá a."

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo wa."

Àwẹ̀ró pa ojú dé, ó ronú sí i. Lẹ́yìn náà ó la ojú, ó sì wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni fẹ́ fi ojú dá a lẹ́bi títí ayé.

"O kó àlejò wọ inú mi, o kò sọ fún mi ṣáájú," ló wí. "Ṣé wọ́n tilẹ̀ gbálẹ̀ ibẹ̀?"